Tèsùbáà Inú Láàbù

Ara mi kì í balẹ̀. Láti kékeré ni. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Èkìtì, bí wọ́n bá gbé ẹ̀wà kaná, kó tó hó ni màá ti ṣí ìkòkò lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìyá mi á ní, "Bọ́sẹ̀, ẹ̀wà yìí á jinná bó ò tiẹ̀ ṣọ́ ọ." Mi ò gbà wọ́n gbọ́. Mo dé Èkó, mo bá ìlú tó jọ mí. Bí mo bá tò sórí ìlà ní báǹkì ní Ìkọ̀tún, ìlà mẹ́ta ni màá pààrọ̀ kó tó kàn mí, èyí tí mo bá sì fi sílẹ̀ ló máa ń yá jù. Irú èmi yìí ló wá bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ tó jẹ́ pé dídúró ni olórí ẹ̀.

Olùtọ́jú láàbù ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan ní Ìgàndò. Èmi ni mò ń fọ ìgò, tí mò ń to irinṣẹ́, tí mò ń pín kẹ́míkà fún àwọn ọmọ. Òkè pátápátá ni láàbù náà wà, lábẹ́ páànù gan-an, bí afẹ́fẹ́ bá sì fẹ́ wá láti apá ààtàn, olúkúlùkù á rò pé láàbù ló ń rùn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, túùbù mẹ́rin ni mo fọ́ kí wọ́n tó lu agogo oúnjẹ. Ọ̀gá mi, Àlàájì Ràṣídì, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́místìrì, ò bínú. Wọ́n bá mi ṣa èéfọ́ rẹ̀ nílẹ̀, wọ́n wá wò mí.

"Bọ́sẹ̀, ṣé ẹnì kan ń lé ẹ bọ̀ ni?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa, jókòó. Bó bá dé, èmi ni màá dá a lóhùn."

Ọdún mọ́kànlá ni Àlàájì fi kó láàbù yẹn jọ, lẹ́yọ lẹ́yọ. Púpọ̀ nínú ìgò tí a ń rọ kẹ́míkà sí, ọwọ́ àwọn tó ń ṣa nǹkan lórí ààtàn ni wọ́n ti rà á. Wọ́n á sè é nínú omi gbígbóná, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á wá fi bírò kọ orúkọ kẹ́míkà sórí ìwé pélébé, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò lára. Bírò àti gọ́ọ̀mù yẹn ṣì ń bọ̀ wá ṣe wá léṣe.

Iṣẹ́ tí Àlàájì fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ láàbù ni ti ọtí. Kì í ṣe ẹmu, kì í sì í ṣe ògógóró ni mò ń wí. Ní kẹ́místìrì, ọtí pọ̀ lọ rẹpẹtẹ, ẹbí kan náà sì ni wọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ọ́síjìn kan tó di háídírójìn kan mú, àwọn méjèèjì sì so mọ́ ara kábọ́ọ̀nù. Bí kábọ́ọ̀nù tí wọ́n so mọ́ yẹn bá ní kábọ́ọ̀nù ẹyọ kan péré ní alábàágbé, ọtí kìíní nìyẹn. Bó bá ní méjì, ọtí kejì. Bó bá ní mẹ́ta, ọtí kẹta. Ohun tí à ń ṣe ni pé a ó yọ ọ́síjìn òun háídírójìn yẹn kúrò, a ó fi kilorínì jókòó sí àyè wọn. Ohun tuntun tó bá jáde wà lára àwọn tí ìwé ń pè ní halojenoalikéènì, òun àti omi kì í sì í ṣọ̀rẹ́. Inú túùbù tó mọ́ gaara tẹ́lẹ̀ á ṣú bí omi ògì. Bó bá pẹ́ sí i, á léfòó sójú omi bí òróró.

Omi tí a fi ń ṣe é, ásíìdì líle ni, tí wọ́n yọ́ síǹkì kilóráìdì sínú ẹ̀. Àlàájì nìkan ló ń pò ó, lẹ́nu fèrèsé, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì lójú, torí èéfín rẹ̀ kì í ṣe ohun ìṣeré. A kàn ń pè é ní omi ìdánwò. Bó o bá fún un ní ọtí kẹta, bó o ṣe ń mì í ló ń ṣú. Bó bá jẹ́ ọtí kejì, á kọ́kọ́ rò ó ná, bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọtí kìíní ní tiẹ̀, àfi bó o bá fi iná sí i, á kàn máa wò ẹ́ ni.

Ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ni ọ̀tá mi. Aago mẹ́ta la ti gbé kọ́ ògiri láàbù yẹn, èéfín ásíìdì jẹ irin inú wọn tán lọ́kọ̀ọ̀kan. Fóònù kò sì gbọ́dọ̀ dé ìtòsí tábìlì, torí èéfín yẹn náà ló ba ti Àlàájì jẹ́. Tèsùbáà ni wọ́n ń lò, ìlẹ̀kẹ̀ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Wọ́n á mí sínú, wọ́n á mí síta wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n á wá ju ìlẹ̀kẹ̀ kan sẹ́yìn. Bí wọ́n bá kà á tán, ìṣẹ́jú mẹ́fà ti lọ. Mo lọ fi fóònù mi ṣọ́ wọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, mo rò pé màá rí wọn mú. Mi ò rí nǹkan kan mú.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ilé ẹ̀kọ́ wa ò tíì gba àṣẹ láti ṣe ìdánwò àfọwọ́ṣe nínú láàbù tiwa. Lọ́dọọdún la ń kó àwọn ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn lápá Ẹ̀gbẹ́dá, wọ́n á lọ máa wá ìgò kiri lórí tábìlì onítábìlì. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá ní àwọn ń bọ̀ wá yẹ̀ wá wò. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ mẹ́ta ṣe iṣẹ́ ọtí lójú àwọn. Obìnrin tó ni ilé ẹ̀kọ́ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́mì, pe èmi àti Àlàájì sí ọ́fíìsì.

"Àlàájì, ẹ má bínú o. Bí wọ́n bá tún já wa kulẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, mi ò lè máa tọ́jú láàbù tí ò wúlò jàre. Kíláàsì ni màá fi ṣe."

Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ níbẹ̀. Bí láàbù bá di kíláàsì, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ èmi àti Àlàájì nìyẹn, ọdún mọ́kànlá wọn a sì padà sórí ààtàn tó ti wá.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa dé ni dókítà fún Àlàájì lọ́jọ́ tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú wọn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń dúró de ọjọ́ yẹn, kò ṣeé sún, ọ̀sẹ̀ àbẹ̀wò náà ló sì bọ́ sí. "Ojú mi ti di ọtí kejì," wọ́n sọ fún mi, "ó rọra ṣú ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù ń bà mí. Wọ́n bọ́ tèsùbáà kúrò lọ́wọ́, wọ́n nà án sí mi.

"Sà, aládùúrà ni mí."

"Mo ní kó o fi pe Ọlọ́run ni? Ìṣẹ́jú ni mo ní kó o fi kà. Èémí kan, ìlẹ̀kẹ̀ kan. Má fò ó. Ìgò tó o bá sì rò pé o ti mọ̀, dán an wò pẹ̀lú."

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo wọ sùtánà funfun mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo kúnlẹ̀, tèsùbáà já bọ́ láti inú àpò mi. Ìyá Ìjọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Arábìnrin Bọ́sẹ̀, kí lèyí?"

"Aago ibi iṣẹ́ mi ni, mà."

Ìyá Ìjọ wo tèsùbáà, wọ́n wò mí, wọ́n wá rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n fún mi ní omi àdúrà ìgò kan lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọjọ́bọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi àdéhùn sí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òjò rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi ní òkè. Nígbà tí mo dé láàbù láàárọ̀ Ọjọ́rú, páànù ti jò sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Gọ́ọ̀mù ti yọ́, bírò ti ṣàn, ìgò ọtí mẹ́ta dúró níhòòhò láìsí orúkọ lára wọn. Kábọ́ọ̀nù mẹ́rin mẹ́rin ló wà nínú ọtí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kan kìíní, ọ̀kan kejì, ọ̀kan kẹta. Gbogbo wọn mọ́ bí omi ẹ̀rọ. Ìwé ní ọtí kẹta máa ń dì bó bá tutù díẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ooru Ìgàndò, kí ló fẹ́ dì?

Mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ A, B àti D sí wọn lára. Omi ìdánwò tí Àlàájì ti pò sílẹ̀ wà níbẹ̀, ìdérí rẹ̀ le pinpin, òjò ò kàn án. Mo dán A wò, bí mo ṣe mì í ló ṣú. Ọtí kẹta nìyẹn, inú mi dùn. Mo dán B wò, ó mọ́ gaara. Mo mú tèsùbáà.

Ká sọ tòótọ́, ìlẹ̀kẹ̀ ni mo kà, mi ò ka èémí. Mọ́mì ń pè mí láti ìsàlẹ̀ pé àga àwọn àlejò ńkọ́. Ẹni tó ń kun àtẹ̀gùn ní ọ̀dà ń béèrè omi. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń ké. Ìka mi kàn ń sáré lórí ìlẹ̀kẹ̀ bí ẹni ń ya ẹ̀fọ́ tí àlejò ti dé bá nílé. Mo kà á tán, mo wo túùbù, kò ṣú. Mo ní, ọtí kìíní nìyí. Ọtí kejì ló wá ṣẹ́kù, D náà ló sì ṣẹ́kù, kí ni mo tún fẹ́ dán an wò fún? Mo kọ orúkọ tuntun sórí ìwé pélébé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo fẹ́ fọ túùbù, omi ò yọ, torí iná ò sí láti fa omi. Mo fi wọ́n sílẹ̀ nínú ráàkì, mo sáré sọ̀kalẹ̀ lọ wá àga.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo tètè dé kí n lè fọ wọ́n. Mo gbé túùbù B sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó ti ṣú. Òróró tín-ín-rín ti léfòó sójú rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ tan ara mi jẹ pé alẹ́ gùn, bóyá ọtí kìíní náà lè ṣú bó bá rí àkókò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ bí ìka mi ṣe sáré lánàá. Bó bá jẹ́ pé B gan-an ni ọtí kejì, mo ti pààrọ̀ orúkọ ìgò méjì. Àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn á ṣe iṣẹ́ wọn bó ṣe yẹ, wọ́n á sọ ohun tí ojú wọn rí, ìgò á sì jẹ́rìí lòdì sí wọn. Àwọn ni wọ́n máa pè ní olódo, kì í ṣe èmi.

Ó ku bí ogún ìṣẹ́jú kí àwọn àlejò dé. Mo wọ ìbọ̀wọ́. Mo da omi ìdánwò sínú túùbù tuntun méjì, mo kán ọtí B sí ọ̀kan, mo kán ọtí D sí èkejì, mo dé wọn, mo mì wọ́n, mo gbé wọn kalẹ̀. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ ọ̀tún, mo mú tèsùbáà. Mo mí sínú. Mo mí síta. Ìlẹ̀kẹ̀ kan.

Ẹ ò mọ ìyà tó jẹ mí. Ẹsẹ̀ mi ń jó lábẹ́ tábìlì. Gbogbo ara mi ń yún mi bí ẹni tó jókòó lé ìjàlọ. Ní ìlẹ̀kẹ̀ kejìdínlọ́gbọ̀n, Mọ́mì já wọlé.

"Bọ́sẹ̀! Wọ́n ti wà ní géètì o! Wọ́n ti tètè dé! Kí lò ń jókòó ṣe?"

"Mò ń dúró ni, mà."

"Dúró de kí ni? Dìde jàre, kó àwọn nǹkan yìí kúrò ńlẹ̀!"

Mi ò dìde. Mi ò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ̀gá iṣẹ́ kankan rí láyé mi. Mo mí sínú, mo mí síta. Mọ́mì dúró lé mi lórí, wọ́n ń pòṣé. Ní ìlẹ̀kẹ̀ kẹtàdínlógójì, obìnrin kan tó fi gíláàsì sójú wọlé, ó di pákó ìkọ̀wé mú. Òun ni olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà. Ó kí wa, ó wá wo ọwọ́ mi.

"Kí ni ẹ̀yin ń ṣe?"

Kí n tó lanu, Mọ́mì ti dáhùn. "Ó ń gbàdúrà ni, mà. Aládùúrà ni, wọn kì í fi àdúrà ṣeré."

"Aládùúrà?" Obìnrin náà bọ́ gíláàsì. "Pẹ̀lú tèsùbáà?"

Ojú Mọ́mì ń bẹ̀ mí. Kò gbà ju kí n gbójú sókè, kí n ṣe àmín, kí n kó túùbù kúrò, kí ìgò máa bá irọ́ tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo rántí Àlàájì pẹ̀lú ojú wọn tó ṣú, níbi tí wọ́n ń se ìgò ààtàn nínú omi gbígbóná. Mo sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí mo bá ti mí síta tán, kí ìlẹ̀kẹ̀ má baà sọnù.

"Mi ò gbàdúrà, mà. Ìṣẹ́jú ni mò ń kà. Òjò ba orúkọ ara ìgò jẹ́. Mo dán wọn wò lánàá, mi ò ní sùúrù. Omi ò yọ kí n fọ túùbù, mo dé láàárọ̀ yìí, B ti ṣú. Ó jọ pé mo ti pààrọ̀ méjì. Mò ń tún un ṣe."

Mọ́mì dijú. Obìnrin náà fa sítúùlù kan, ó jókòó síwájú mi, ó gbé àgbọ̀n lé ọwọ́. Báyìí la wà níbẹ̀, àwa mẹ́ta, bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn. Àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn ti tò sẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú aṣọ funfun láàbù wọn. Ní ìlẹ̀kẹ̀ ọgọ́ta, túùbù méjèèjì mọ́ gaara, òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá mo tọ̀nà lánàá, pé mo kàn fi ẹnu ara mi ta láàbù Àlàájì lásán. Ìka mi fẹ́ sáré. Mo dá a dúró.

Ní ìlẹ̀kẹ̀ kọkànlélàádọ́rin, túùbù B bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.

Ó kọ́kọ́ dà bí èémí èèyàn lára dígí. Lẹ́yìn náà ló nípọn, ó funfun. Mo fẹ́ dìde kí n pariwo, ṣùgbọ́n mo ka ìlẹ̀kẹ̀ tó kù tán, èémí kan, ìlẹ̀kẹ̀ kan, torí ti D. Mo dé ìparí. D ò ṣú. Mo ṣí ìwé pélébé kúrò lára ìgò méjèèjì lójú wọn, mo pààrọ̀ wọn.

"Bí omi bá yọ lánàá, tẹ́ ẹ fọ túùbù yẹn ńkọ́?" obìnrin náà bi mí.

"Ǹ bá má mọ̀ títí láé, mà."

Ó kọ̀wé sórí pákó rẹ̀, ó pẹ́ tó ti ń kọ ọ́. Ó yíjú sí àwọn ọmọ, ó ní kí wọ́n wọlé wá ṣe tiwọn. Wọ́n ṣe é, wọn ò ṣì í. Ohun tí ó kọ, kò jẹ́ kí a rí i. Mọ́mì ò bá mi sọ̀rọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi dúró de lẹ́tà. Kò sí ìlẹ̀kẹ̀ tó lè ka ìyẹn. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, mo fọ kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹjọ, mo to ìgò sọ́tùn-ún, mo tún tò wọ́n sósì. Nígbà tí lẹ́tà dé, Mọ́mì fúnra wọn gun òkè wá. Wọ́n nà án sí mi. Ìjọba fún wa láṣẹ. Wọ́n ní kí a tún páànù ṣe, kí a sì máa fi yínkì tí omi kì í fọ̀ dànù kọ orúkọ sára ìgò. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n kọ ọ́ pé ẹni tó ń tọ́jú láàbù ṣeé fọkàn tán. Mo ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo lọ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, mo sunkún.

Lọ́jọ́ náà gan-an, mo gba Ìyànà Ìpájà lọ sílé Àlàájì ní Dópẹ̀mú. Wọ́n ti ṣí ojú kan, èkejì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ṣì wà nínú báńdéèjì. Mo ka lẹ́tà sí wọn létí. Mo wá kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ohun tí mo ṣe ní Ọjọ́rú, bí ìka mi ṣe sáré, bí mi ò ṣe dán D wò. Mo bọ́ tèsùbáà, mo gbé e lé wọn lórí ẹsẹ̀.

"Sà, ẹ gbà á padà. Ẹ̀yin lẹ ní sùúrù. Èmi ò ní in."

Wọ́n fi ojú kan yẹn wò mí.

"Ìlẹ̀kẹ̀ mélòó ni B fi ṣú?"

"Mọ́kànlélàádọ́rin, sà."

"Pẹ̀lú èémí?"

"Pẹ̀lú èémí."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n wá fi ọwọ́ di báńdéèjì mú torí ẹ̀rín náà ń dùn wọ́n lójú. "Bọ́sẹ̀, ta ló sọ fún ẹ pé mo ní sùúrù? Ìgbà tí mo wà lọ́dọ̀ ọ̀gá tèmi, túùbù mẹ́fà ni mo fọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí mo bá ní sùúrù ni, kí ni mo fẹ́ máa fi tèsùbáà ṣe?"

Wọ́n tì í padà sí mi lọ́wọ́. Mo mú un, mo sì ti ń dìde kí n máa lọ, torí òjò ń kó bọ̀, ọ̀nà Ìgàndò sì jìn. Àlàájì nawọ́ sí kẹ́tùrù orí sítóòfù, wọ́n ní omi tíì ò tíì hó, kí n jókòó.

Mo jókòó.